Bí ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti awakọ̀ ṣe lè jọ lo títì Àbújá kí ẹnikẹ́ni má fara pa

Títì Àbújá fẹ̀, ó sì tẹ́jú, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu rẹ̀ wà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo dé, ó ti mọ́ ọn lára láti máa yọ́ gba àárín ọkọ̀ tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá. Tó bá dé márosẹ̀ Kubwa, tàbí ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú tó gba Lugbe kọjá, ojú kan náà ló máa fi wò ó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó rí lókèèrè yẹn kò há síbì kankan. Kó tó ṣẹ́jú, ó ti dé.

Kẹ̀kẹ́ ni mo ń tún ṣe ní Kubwa. Àwọn mẹ́gàdí tó ń ṣọ́lé ní Gwarinpa, àwọn tó ń kiri búrẹ́dì, àwọn ọmọ iléèwé, àwọn ni oníbàárà mi. Èmi náà ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tí mo bá fẹ́ gbé ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ síbi tó jìnnà, mọ́tò ni mò ń wà. Ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń lọ sọ́jà. Ibi yòówù kí n wà lójú títì, ohun kan náà ni mò ń rí: tí eré bá ti bá àìríra-ẹni pàdé, ẹ̀jẹ̀ á ta sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju bí a ṣe máa dín eré kù níbi tí èèyàn wà lọ, àti bí a ṣe máa jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ rí wa kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó

Òfin gba mọ́tò àdáni láyè kìlómítà 50 ní wákàtí kan láàárín ìlú, àti 100 lórí márosẹ̀. Ẹni tó bá ń sá 50 ń jẹ nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń sá 100 ń jẹ mítà 28. Kí dírẹ́bà tó rí yín, kó tó yé e pé ẹ ti wọ títì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé orí bíréèkì, ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ ti lọ. Ní 100, mọ́tò náà ti rin mítà 42 láìtíì tẹ bíréèkì rárá. Tí ẹ bá ro ibi tí bíréèkì ti ń fà á mọ́ ọn, ó máa tó mítà 100 kó tó dúró, ìyẹn lórí títì gbígbẹ, pẹ̀lú táyà tó dáa. Ti ẹni tó ń sá 50 kò ju bíi mítà 35 lọ.

Eré di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ọkọ̀ fi ń dúró sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: tí eré àwọn ọkọ̀ lójú ọ̀nà kan bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu ìjàǹbá tó ń pani á fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin lé sí i. Ohun tó fà á nìyí tí n kì í fi bá awakọ̀ jà lórí gbogbo nǹkan. Ẹni tó bá lè dín eré kù ní iwájú ọjà, ilé ìwé, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti ṣe èyí tó pọ̀ jù.

Tí ẹ bá ń fẹsẹ̀ rìn

Ilà ọkọ̀ kan lórí márosẹ̀ máa ń fẹ̀ tó mítà mẹ́ta ààbọ̀ àti díẹ̀. Tó bá jẹ́ ilà mẹ́ta, ó ti di bíi mítà 11. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, tí kò ru nǹkan kan, máa lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án kó tó sọdá rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án yẹn, mọ́tò tó ń sá 100 ti rin mítà 250. Èyí tí ojú yín ń pè ní “ó ṣì jìnnà” yẹn gan-an ló ń bọ̀ wá bá yín láàárín ọ̀nà.

Ẹ má fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀. Ẹ dúró létí títì, kí ẹ wá ohun kan tó dúró gbọin lọ́ọ̀ọ́kán: igi, pátákó ìpolówó, òpó iná. Nígbà tí ọkọ̀ kan bá kọjá níbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́ọ́rọ́wọ́: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Tí ọkọ̀ náà bá dé iwájú yín kí ẹ tó ka ẹẹ́wàá, igi yẹn súnmọ́ yín jù. Ẹ wá òmíràn tó jìnnà sí i. Tí ẹ bá ti rí èyí tó gba kíkà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀, òun ni ààlà yín: tí ọkọ̀ kankan bá wà níwájú rẹ̀ síhìn-ín, ẹ ò ní sọdá. Ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n, tàbí tó ru ẹrù ọjà, kó ka márùndínlógún. Mo ti fi èyí kọ́ àwọn ọmọ mi, ó sì yé wọn ju “ẹ máa ṣọ́ra” lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo òsì, kí ẹ wo ọ̀tún, kí ẹ tún padà wo òsì kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, láti ìgbà náà ni ọkọ̀ tó máa kọ́kọ́ kàn yín ti ń gba òsì bọ̀. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó kọ́ ìsọdá títì ṣáájú ìgbà yẹn ṣì wà tó jẹ́ pé ọ̀tún ni orí wọn ń kọ́kọ́ yí sí. Ẹ rọra bá wọn sọ ọ́. Tó bá sì jẹ́ ọ̀nà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀ ni, ìhà méjèèjì ni kí ẹ wò dáadáa, kódà tí wọ́n bá ní ọkọ̀ kì í gbabẹ̀ padà, torí àwọn tó ń gba wánwéè kò lóǹkà.

Níbi tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ bá wà, ẹ gùn ún. Mo mọ̀ pé ó ga, orúnkún ń dun àwọn kan, mo sì mọ̀ pé lálẹ́, ẹ̀rù àwọn tó ń já báàgì gbà ló ń lé èèyàn sọ̀kalẹ̀ wá sójú títì. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn títí èèyàn mẹ́ta, mẹ́rin á fi pé, ká jọ gun òkè. Ní Àbújá, kì í pẹ́ kí ẹ tó rí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lọ. Ẹ kí wọn, “sannu”, kí ẹ ní ẹ jẹ́ ká jọ kọjá. Kò sẹ́ni tó máa ń kọ̀.

Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ má gba iwájú rẹ̀ sọdá. Bọ́ọ̀sì náà ti dí yín mọ́ ojú ẹni tó fẹ́ yà á sílẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ kó lọ ná. Níbi tí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ máa rìn lápá òsì, kí ẹ dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ lè rí èyí tó bá ya bàrá. Ọrùn ọwọ́ ọmọ ni kí ẹ dì mú, ẹ má fi ìka kọ́ ìka rẹ̀ lásán, torí ọmọ tó bá rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lódìkejì títì lè já gbà lójijì. Kí ẹ sì máa wo ilẹ̀: wọ́n ti jí ìdérí ihò ojú pópó gbé lọ níbi púpọ̀ nínú ìlú yìí. Lálẹ́, ihò náà kò yàtọ̀ sí títì.

Ẹ̀yin èrò tún lágbára kan tí ẹ kì í lò. Dírẹ́bà takisí máa ń dúró síbi tí ẹ bá ti nawọ́ sí i. Tí gbogbo wa bá ń nawọ́ ní orí ìkóríta Berger, orí ìkóríta náà ló máa dúró sí, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì yà bá ẹlòmíràn. Tí ẹ bá rin ìṣísẹ̀ díẹ̀ síwájú dé ibi tí ọkọ̀ ti lè kúrò lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ló máa wá bá yín, torí owó yín ló ń wá. Tí ẹ bá sì ti wà nínú rẹ̀, tó ń sá eré àsápajúdé, ẹ sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ pé Hausa ni dírẹ́bà náà gbọ́, “a hankali”, ìyẹn “ẹ rọra”, tí ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ máa ń wọ̀ ọ́ létí ju ká pariwo lọ.

Kẹ̀kẹ́

Ibi tó jẹ́ iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi, táyà ni olówó rẹ̀ ní kí n bá òun wò. Bíréèkì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ yín, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ fún bíréèkì iwájú nìkan, kí ẹ wá ti kẹ̀kẹ́ náà síwájú. Táyà iwájú kò gbọ́dọ̀ yí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló yẹ kó fẹ́ gbéra nílẹ̀. Tó bá yí, bíréèkì ò sí nìyẹn. Ẹ fún ti ẹ̀yìn náà, ẹ fà á sẹ́yìn: táyà gbọ́dọ̀ wọ́ nílẹ̀, kó má yí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo irin tí ẹ ń fún. Tó bá dé ara ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kó tó mú, wáyà ti tú, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á le. Rọ́bà bíréèkì tí ilà ara rẹ̀ bá ti pa rẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí irin tó wà nínú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ réèmù. Owó rọ́bà méjì kò tó nǹkan. Táyà kẹ̀kẹ́ náà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: tó bá wọlé, ẹ fẹ́ ẹ sí i, torí táyà rírọ̀ kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gbọ́ràn tí ẹ bá yà lójijì.

Iná ló tẹ̀lé e. Àwọn mẹ́gàdí tí mò ń sọ yìí, kùtùkùtù ni wọ́n ń darí sílé, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Aṣọ wọn dúdú, kẹ̀kẹ́ wọn dúdú, títì náà dúdú. Awakọ̀ tó tan iná rẹ̀ sílẹ̀ kò lè rí wọn títí á fi sún mọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí. Iná pupa sí ẹ̀yìn, funfun síwájú, ìwọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹni tí kò bá lówó iná, kó ra tépù tó ń dán tí iná bá bà á, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tírélà. Mo máa ń gé e wẹ́wẹ́, mo á nu ọ̀rá àti eruku kúrò lára irin, mo á wá lẹ ọ̀kan mọ́ mọ́gáàdì ẹ̀yìn, ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì iwájú lọ́tùn-ún àti lósì, àti ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ pẹ́dà tó kọjú sẹ́yìn. Ti pẹ́dà yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò ló ń ṣẹ́jú, awakọ̀ á sì mọ̀ lókèèrè pé èèyàn nìyẹn.

Lójú ọ̀nà, apá ọ̀tún ni kí ẹ gbà, ibi tí ọkọ̀ ń lọ ni kí ẹ̀yin náà máa lọ. Àwọn kan gbà pé tí àwọn bá dojú kọ ọkọ̀, àwọn á rí i. Ìyẹn wà fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Tí kẹ̀kẹ́ bá dojú kọ mọ́tò, eré méjèèjì á para pọ̀, ẹni tó ń yọ láti ojú ọ̀nà kékeré kò sì ní wo ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Ẹ má lẹ̀ mọ́ etí gọ́tà, torí ibẹ̀ ni ìgò fífọ́, iyanrìn àti ihò wà, tí ẹ bá sì yà fún ihò lójijì, iwájú ọkọ̀ lẹ máa bọ́ sí. Ẹ fi bíi mítà kan sílẹ̀ láàárín yín àti etí títì. Mọ́tò tó páàkì náà, ẹ fún un láyè tó bí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣe máa ṣí tó.

Ṣáájú kí ẹ tó yà, ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ na ọwọ́ gbọọrọ sí ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ wá ojú awakọ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí ẹ̀yin àti òun bá ti jọ rí ojú ara yín, ó ti mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Tírélà àti ọkọ̀ epo tó ń ti Suleja àti Zuba bọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù jù: tí ẹ ò bá rí ojú dírẹ́bà nínú jígí rẹ̀, òun náà kò rí yín. Ẹ má ṣe wọ àárín rẹ̀ àti etí títì nígbà tó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún láé. Ẹ dúró sẹ́yìn kó yà tán.

Láti 2006 ni ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú Àbújá, ṣùgbọ́n ní Kubwa, Lugbe àti àwọn àgbègbè bẹ́ẹ̀, a ṣì ń gùn ún. Àṣíborí ni kí ẹ béèrè, kí ẹ so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Àṣíborí tí kò so, ó máa bọ́ kí orí tó kanlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí sítíárì

Tí ẹ bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ tó jìnnà sí ìlẹ̀kùn ni kí ẹ fi ṣí i. Dírẹ́bà tó jókòó lósì, ọwọ́ ọ̀tún ni kó nà kọjá àyà. Ara yín á yí fúnra rẹ̀, ojú yín á sì wo ẹ̀yìn, ẹ máa rí oníkẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀. Àwọn ará Họ́láńdì tí kẹ̀kẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn ni àṣà yìí ti wá, àǹfààní rẹ̀ kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ tó ń jókòó sẹ́yìn náà.

Iná tó ń ṣẹ́jú lọ́tùn-ún lósì papọ̀, ẹ má tan án tí ẹ bá ń sáré lọ tààrà ní oríta, tàbí nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ó ń pa iná tí ẹ fi ń yà mọ́, ẹni tó wà lẹ́yìn kò sì ní mọ̀ bóyá ẹ dúró ni tàbí ẹ ń lọ. Iná iwájú ni kí ẹ tàn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Tí ọyẹ́ bá mú, tí eruku bo gbogbo ìlú láàárọ̀, ẹ tan án ní ọ̀sán gangan. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn oṣù gbígbẹ gan-an ló ń yọ̀ jù, torí epo àti eruku tó ti kó jọ sórí títì á di bí ọṣẹ. Ẹ fi ìlọ́po méjì àyè sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Táyà: ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára rẹ̀. Tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá ń ta tòkunbọ̀ fún yín tí kò fẹ́ kí ẹ wò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ooru apá òkè ọya kì í ṣàánú táyà tó ti gbó, tàbí èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó.

Bẹ́líìtì ìjókòó wà fún àwọn tó wà lẹ́yìn náà. Ẹ gbé fóònù síbi tí ọwọ́ kò lè dé. Tí ọkọ̀ kan bá dúró fún ẹlẹ́sẹ̀ níwájú yín, ẹ má yà á sílẹ̀ kọjá, ó ti rí ẹnì kan tí ẹ̀yin ò rí.

Tí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró: ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn tó bíi mítà 50, kí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lórí márosẹ̀. Ẹ pe 122, ti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC, tàbí 112. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà pẹ̀lú ohun tí ẹlòmíràn lè rí, bí afárá, ilé epo tàbí orúkọ ìkóríta. Ẹ má wọ́ ẹni tó ṣubú dìde, ẹ má bọ́ àṣíborí rẹ̀, ẹ má fún un lómi mu, àyàfi tí iná tàbí ọkọ̀ bá ń bọ̀ wá bá a ni kí ẹ gbé e kúrò. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń tú, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má ṣí i wò. Tí ilé ìwòsàn kan bá ní àwọn ò lè gbà á, ẹ rán wọn létí pé òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 kò gbà wọ́n láyè láti kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì.

Ohun tí àdúgbò lè ṣe

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ yan ibì kan ṣoṣo tí ó burú jù, ẹ má ka ogún. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní àkókò tí àwọn ọmọ ń lọ síléèwé, kí ẹ ka iye èèyàn tó sọdá níbẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ gan-an: bọ́ńpù, ìlà funfun tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà, iná òpó, tàbí ìdérí ihò. Ẹ jẹ́ kí lémọ̀mù, pásítọ̀, ọ̀gá iléèwé àti alága àwọn onílé buwọ́ lù ú. Ẹ wádìí ẹni tó ni ọ̀nà náà kí ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́: àwọn títì ńlá inú ìlú wà lọ́wọ́ FCDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdàgbàsókè Àbújá, àmọ́ títì kékeré inú Kubwa lè kan ìjọba ìbílẹ̀ Bwari.

Ẹ má da kọnkéré bọ́ńpù sójú títì fúnra yín lálẹ́. Èyí tí kò ní ọ̀dà, tí kò sì sí àmì tó ń kìlọ̀ rẹ̀, ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ ló ń kọ́kọ́ gbé ṣubú. Tí wọ́n bá ti gbà kí ẹ ṣe é, ọ̀dà funfun tàbí yẹ́lò gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì máa tún un kùn tó bá ti ń ṣá.

Tí ẹ bá fi lẹ́tà náà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì mọ́ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí èèyàn mẹ́ta padà lọ béèrè, kí ìyá tó ní ọmọ níléèwé yẹn sì wà lára wọn.